Orin Ìwẹ̀ Ọmọ Tí Ẹ Kọ Ránṣẹ́ sí Minna

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú àárò wa, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ-ọmọ. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà yìí. Mo kí Bọ̀dá Táyé àti ìyàwó wọn, mo kí Àbíkẹ́ àbúrò mi tó ń sọ kiri pé mi ò kì í gbé fóònù òun, mo sì kí gbogbo ará ilé ní Ìkìrun, títí dé ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́kọ tó máa ń bi yín bóyá mo ti rí ọkọ ní ilẹ̀ Hausa. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo ṣì ń wò ó.

Ẹ rántí pé ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn, mo pè yín, mo ní kí ẹ jọ̀ọ́ kọ àwọn orin tí ẹ máa ń fi wẹ̀ wá nígbà tí a wà lọ́mọ ọwọ́, kí Àbíkẹ́ fi fóònù rẹ̀ gbà á sílẹ̀ fún mi. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ṣé mo ti lóyún ni. Mo ní rárá o. Ẹ ní kí wá ni mo fẹ́ fi orin ìwẹ̀ ọmọ ṣe. Mo ní màá ṣàlàyé. Ọ̀rọ̀ náà gùn ju ohun tí a lè sọ lórí fóònù lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́. Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ kí n tó gbé e síta fún àwọn ẹlòmíràn láti kà.

Ọyẹ́ ti kúrò nílẹ̀ níbí, ooru ló kù. Omi inú táńkì gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn ò nílò láti gbé e kaná kó tó wẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ mi ń lọ. Ìṣirò ni mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ, bíró pupa mi ò sì sinmi. Owó mọ́tò tó wọ́n ni kò jẹ́ kí n wálé ní Kérésì, kì í ṣe pé mo gbàgbé yín.

Ohun tí mi ò sọ fún yín rí ni bí ìdáwà ṣe mú mi tó nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Àdúgbò Keteren Gwari tí mò ń gbé kún fún èèyàn, Yorùbá sì pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá kí àwọn ọmọ Yorùbá inú ọgbà wa láàárọ̀, "ina kwana" ti Hausa ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Ọjọ́ Sátidé ló máa ń le jù. Màá fọ aṣọ tán, màá sá a tán, màá wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí àlejò tí kò sọ pé òun ń bọ̀.

Orin ló mú mi jáde nílé. Mo gbé aṣọ lọ bá Bàbá Sáká, ará Ìlọrin kan tó ń ránṣọ ní ẹ̀yìn títì wa. Bí wọ́n ṣe ń wọn apá mi, mo gbọ́ orin Hausa kan láti inú rédíò wọn. Bó ṣe ń parí ni orin Yorùbá àwọn àgbà wọlé, méjèèjì sì bára mu bí ẹni pé inú ilé kan náà ni wọ́n ti jáde. Mo bi wọ́n pé iléeṣẹ́ rédíò wo nìyẹn. Wọ́n ní haba, kì í ṣe iléeṣẹ́ kankan, kásẹ́ẹ̀tì tí Hauwa ṣe ni. Hauwa yìí, ọmọ Nupe ni, nọ́ọ̀sì ni, kò jìnnà sí mi lọ́jọ́ orí.

Bí mo ṣe dé inú ẹgbẹ́ wọn nìyẹn. Èèyàn mẹ́sàn-án ni wá. Kásẹ́ẹ̀tì la ṣì ń pè é, ṣùgbọ́n kádì kékeré inú fóònù ni. Kálukú á ṣa orin tó fẹ́ràn jọ nílé ara rẹ̀, á tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn bó ṣe wù ú. Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, lẹ́yìn ìrun Àsárì, a ó pàdé ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá Sáká, a ó mú ìwé nínú fìlà wọn láti mọ ẹni tí yóò gba kásẹ́ẹ̀tì ta. Tí oṣù mìíràn bá dé, ẹni tó gbà á á dìde, á sọ ohun tó gbọ́: èyí tó dùn mọ́ ọn, èyí tí kò yé e, bóyá ètò rẹ̀ dára. Zobo tútù àti kúlíkúlí la fi ń ṣe é.

Kò pẹ́ tí mo fi di gbajúmọ̀ láàárín wọn. Ẹ mọ ẹnu mi. Bí mo bá dìde láti sọ̀rọ̀, wọ́n á ti máa rẹ́rìn-ín kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń fi máàkì sí kásẹ́ẹ̀tì wọn lórí mẹ́wàá, bí ẹni pé iṣẹ́ àmúrelé àwọn ọmọ ni. Mo gbádùn ẹ̀rín yẹn, Màmá. Èmi tí mo ti ń gbọ́ ohùn ara mi nìkan nínú ilé, mo wá fẹ́ràn ẹ̀rín wọn ju bó ṣe yẹ lọ.

Bàbá àgbàlagbà kan wà nínú wa tí à ń pè ní Bàbá Gbádé. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, Tayi Village ni wọ́n kọ́lé sí. Wọ́n máa ń tètè lọ sílé, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní oṣù kan, èmi ni ìwé mú láti gba kásẹ́ẹ̀tì wọn.

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, orí mi dàrú. Orin kan náà wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, orin ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan tí ohùn rẹ̀ ti ń ha. Lẹ́yìn orin kẹrin, gbogbo nǹkan dákẹ́ pẹ́ títí, mo rò pé fóònù mi ti kú. Lẹ́yìn ìyẹn orin ọmọdé, lẹ́yìn ìyẹn orin ìgbéyàwó, kò sí èyí tó bá èkejì tan.

Nígbà tí Sátidé pé, mo dìde. Mo ní mo kí Bàbá Gbádé kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó jọ pé oorun ń kùn wọ́n nígbà tí wọ́n ń tò ó. Mo ní orin tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta yẹn, ṣé wọ́n rò pé a ò gbọ́ ti àkọ́kọ́ ni. Mo ní nínú gbogbo rẹ̀, ibi tó dákẹ́ yẹn ló dùn jù. Ẹ̀rín gba ṣọ́ọ̀bù kan. Mo fún wọn ní méjì lórí mẹ́wàá.

Bàbá Gbádé náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ká ìwé kan tó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi sápò, wọ́n ní nagode, àwọn ti gbọ́. Wọ́n dìde, wọ́n lọ. Wọn ò wá lóṣù tó tẹ̀ lé e. Wọn ò wá lóṣù kejì.

Hauwa ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Hausa ló fi sọ ọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó lè yé mi dáadáa. Ó ní lọ́jọ́ yẹn, ṣé orin ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni, àbí mo fẹ́ kí àwọn èèyàn rí i pé mo gbọ́n. Mo ní eré ni mò ń ṣe. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n bàbá yẹn kò bá wa ṣeré. Ó ní ẹ̀gbẹ́ wọn lòun jókòó sí, òun sì rí ìwé tí wọ́n ká sápò: ìbéèrè ni wọ́n kọ sínú rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ bi mí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, mo ra ọsàn àti búrẹ́dì, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Tayi Village. Mo béèrè ilé Bàbá Gbádé lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń din àkàrà, ó fi ọwọ́ júwe rẹ̀ fún mi. Bàbá fúnra wọn ló ṣílẹ̀kùn, aṣọ ìnuwọ́ wà léjìká wọn. Kí wọ́n tó sọ pé kí n jókòó, mo ti kúnlẹ̀, mo ti ń bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní dìde, sannu, kí ló dé, wá wọlé wá kí Ìyá.

Ìyá Gbádé jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọwọ́ ọ̀tún wọn ká sórí itan. Mo kí wọn. Wọ́n wò mí, ètè wọn mì, ọ̀rọ̀ kankan ò jáde. Bàbá ní kí n má bínú, rọpárọsẹ̀ ló kọ lù wọ́n ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Gbogbo ohun tí èèyàn bá sọ ló ń yé Ìyá, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, wọn ò lè sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Àfi tó bá jẹ́ orin.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò yé mi. Bàbá bá tẹ fóònù wọn, orin ṣọ́ọ̀ṣì tí ohùn rẹ̀ ń ha yẹn sì bẹ̀rẹ̀. Màmá, obìnrin tí kò lè dáhùn ìkíni mi la ẹnu, wọ́n bá a kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ já geere. Nígbà tí orin dúró, Ìyá náà dúró, ẹnu wọn sì padà sí bó ṣe wà. Hauwa sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ti rí irú rẹ̀ lọ́sibítù rí.

Bàbá wá ń ṣàlàyé kásẹ́ẹ̀tì wọn fún mi bí ọmọ ilé ìwé tó ń dáhùn níwájú olùkọ́, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Orin tó wà lẹ́ẹ̀mẹta yẹn nìkan ni Ìyá máa ń kọ parí, wọ́n fi í sí ti àárọ̀, ti ọ̀sán àti ti ìrọ̀lẹ́, kí àwọn lè gbọ́ ohùn ìyàwó àwọn. Ibi tó dákẹ́, àkókò oúnjẹ ni. Bí orin bá ń lọ, Ìyá á fẹ́ kọ ọ́, oúnjẹ á sì há wọn lọ́fun. Àwọn orin yòókù ni èyí tí ètè wọn ti mì sí rí, kódà kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Ìbéèrè inú ìwé yẹn sì ni pé èmi tí mo mọ orin tó bẹ́ẹ̀, ṣé mo mọ irú rẹ̀ mìíràn, nítorí orin ti ń tán lọ́wọ́ àwọn.

Mo sunkún níbẹ̀, mi ò lè purọ́ fún yín. Bàbá bó ọ̀kan nínú ọsàn tí mo rà, wọ́n nà án sí mi, wọ́n ní méjì lórí mẹ́wàá kò burú, nígbà táwọn wà ní sùkúù, àwọn ti gba òdo rí.

Mo bi wọ́n pé níbo ni Ìyá ti dàgbà. Wọ́n ní Ìrágbìjí. Ìrágbìjí tó wà nítòsí wa yìí! Ọkàn mi bá lọ sọ́dọ̀ yín.

Nígbà tí Sátidé ìpàdé tún pé, mo dìde láàárín ẹgbẹ́, mo sọ ohun tí mo ṣe àti ohun tí mo rí, Bàbá ti gbà mí láyè. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá Sáká ní lóṣù yìí a ò ní mú ìwé kankan nínú fìlà, gbogbo wa ó para pọ̀ ṣe kásẹ́ẹ̀tì kan fún Ìyá Gbádé. Bàbá Sáká fúnra wọn mú orin àwọn obìnrin Ìlọrin wá, irú èyí tí ìyá wọn máa ń kọ. Hauwa mú orin ilé ìwé wá. Èmi pè yín.

Hauwa àti èmi la gbé e lọ sí Tayi. Púpọ̀ nínú àwọn orin náà, Ìyá kàn ń wo fèrèsé ni. Ti Bàbá Sáká mú wọn rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ló kan orin yín, ẹ wú ikọ́, Àbíkẹ́ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ẹ wá bẹ̀rẹ̀ orin àdàbà yẹn. Ìyá yíjú padà. Wọ́n ti bá yín gbè é kí ẹ tó parí ìlà àkọ́kọ́. Ẹ dé ibi tí àdàbà ti toko dé, tó mú ẹ̀pà bọ̀, ohùn Ìyá sì dúró. Wọ́n fajú ro. Wọ́n gbé ọwọ́ òsì sókè bí ẹni tó fẹ́ dá ọmọdé dúró.

Wọ́n ní, "Kì í ṣe ẹ̀pà."

Wọn ò kọ ọ́ lórin o, Màmá. Wọ́n sọ ọ́ ni. Bàbá tó gbé ife omi dání jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tí wọ́n dúró sí. Wọ́n bi Ìyá pé kí ni ẹ sọ. Ìyá wò wọ́n bí ẹni tó ń wo adití, wọ́n ní, "Àgbàdo ni."

Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lọ́jọ́ yẹn. Hauwa di ọwọ́ mi mú, ó ń sọ pé wallahi, wallahi.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé ara Ìyá ti yá tán. Wọn ò tíì lè bá èèyàn tàkúrọ̀sọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí orin yín bá ti dé ibẹ̀ ni wọ́n ń dá a dúró, tí wọ́n sì ń sọ ọ́, lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fi orúkọ Gbádé ọmọ wọn kún un. Hauwa ti bá wọn rí ẹni tó ń kọ́ irú wọn ní ọ̀rọ̀ sísọ. Bàbá Gbádé ti padà sínú ẹgbẹ́, èmi náà ò sì fi máàkì sí nǹkan kan mọ́. Tí mo bá dìde báyìí, ìbéèrè ni mo kọ́kọ́ ń bi ẹni tó ṣe kásẹ́ẹ̀tì.

Mo sọ fún Bàbá pé màá ní kí ẹ tún orin náà kọ, kí ẹ fi àgbàdo síbẹ̀ bí Ìyá ṣe fẹ́. Bàbá fò dìde. Wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá àwọn bẹ yín, kí ẹ má tún un kọ o. Kí ẹ fi ẹ̀pà yẹn sílẹ̀ níbẹ̀.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ohùn yín pẹ́ létí wa, Màmá mi. Kí ó má jẹ́ kí ilé wa dákẹ́ láéláé. Ẹ bá mi kí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sọ fún Àbíkẹ́ pé ẹ̀rín rẹ̀ wà lórí kásẹ́ẹ̀tì.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹnu rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀,
Fọlákẹ́.