Ìdádúró tí Mo Kọ́ Làtíífàt

Èrúwà,
Ọjọ́ Ajé.

Làtíífàt ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ògo wẹẹrẹ tó wà lọ́dọ̀ yín ní Lánlátẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ kì í mú ọ pariwo jù? Ara tèmi náà dá, a dúpẹ́. Ìyá Keturah ní kí n kí ọ. Òun gan-an ló ní kí n yéé rìn káàkiri ilé bí ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, kí n jókòó kọ lẹ́tà yìí.

Ẹgbẹ́ eré káàdì bíríìjì wa ṣì ń pàdé ní gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ lọ́sàn-án Sátidé. Ọlálékan ló ń jókòó kọjú sí mi báyìí. Bí ẹni tí ajá ń lé ni ọmọ yẹn ṣe ń pè. Kò tíì wo káàdì ọwọ́ rẹ̀ tán tí yóò ti dárúkọ iye ìgbà tí àwa méjèèjì máa jẹ. Mo bá a wí títí, ó sú mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ìbàdàn ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí mo ń kọ́ ọ ní eré yìí, mo sọ fún ọ pé bí ìpè bá kàn ọ́, yíyára rẹ tàbí fífalẹ̀ rẹ kò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan fún ẹnìkejì rẹ. Ìwọ̀n kan náà ni kí gbogbo ìpè máa bá lọ, ìbáà jẹ́ káàdì gidi ló wà lọ́wọ́ rẹ tàbí pàǹtí. Òfin nìyẹn. Èmi yìí kan náà ni mo wá fi tèmi kún un. Mo ní bí àgbàlagbà bá pè, ọmọ tó tẹ̀ lé e kò gbọdọ̀ já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Kó mí kanlẹ̀ ná, kó tó sọ tirẹ̀. O gbà á, nítorí pé èmi ni mo sọ ọ́. Kò sí Sátidé tí o kò ṣe é fún Bàbá Gbénró tó dàgbà jù láàárín wa, inú mi a sì máa dùn pé mo kọ́ ọmọ yìí lẹ́kọ̀ọ́.

Ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń yan àwọn tí yóò ṣojú ìpínlẹ̀, tí ìwọ jẹ́ ẹnìkejì mi, bàbá arúgbó tó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ pè. O dúró, o mí kanlẹ̀, o ní páàsì, pé o kò pè. Nígbà tó kàn mí, ọ̀kánjúwà gbà mí lọ́kàn. Káàdì ọwọ́ mi kò tó nǹkan, mo kàn fẹ́ borí ṣáá ni, mo bá pe iye tí ẹni tí orí rẹ̀ pé kò ní pè. Àṣé a máa jẹ ẹ́. Bàbá yẹn pe adájọ́, ó ní ìdádúró rẹ ni àmì tí o fi ránṣẹ́ sí mi pé káàdì gidi wà lọ́wọ́ rẹ.

Adájọ́ bi ọ́ bóyá bí o ṣe máa ń ṣe nílé nìyẹn. O wò mí, o ní, "Ẹ bi Bàbá, sà. Wọ́n mọ bí mo ṣe máa ń ṣe."

O fi ọ̀rọ̀ ara rẹ lé mi lọ́wọ́ nítorí pé àgbà wà níjokòó. Àwọn èèyàn yẹn sì ti ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀ láti àárọ̀ pé ta ló kọ́ ará Ìbàràpá ní bíríìjì. Ojú tì mí láti sọ pé èmi tí mò ń pe ara mi ní olùkọ́ ni mo kọ́ ọ ní ohun tí òfin kọ̀. Mo ní, "Rárá o. N kò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ rí."

Èmi, máàkì ni wọ́n yọ lára mi. Ìwọ, orúkọ rẹ ni wọ́n yọ, wọ́n ní oníjìbìtì ni ọ́. Nínú mọ́tò tí a bá bọ̀, o gbé báàgì mi lé ẹsẹ̀ rẹ títí a fi dé Èrúwà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo rí ọ lọ́jà Lánlátẹ̀, mo rò pé o máa yẹra fún mi ni. O kúnlẹ̀, o sì béèrè Ìyá Keturah. Ìkúnlẹ̀ yẹn dùn mí ju kí o gbá mi létí lọ.

Mo jẹ̀bi rẹ. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, n kò sì rántí pé mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí mo kọ́ níwèé rí. Má bínú, ọmọ mi. Mo ti kọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà fún adájọ́ àti ìgbìmọ̀ wọn. Bóyá wọ́n á dá orúkọ rẹ padà, n kò lè sọ. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ tèmi, kí wọ́n yọ ọ́.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹni tí o gbẹ́kẹ̀ lé tún dójú tì ọ́ mọ́. Kí iṣẹ́ rẹ má já sófo, kí àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ ṣe ọ́ lóore. Àmín.

Èmi ni olùkọ́ rẹ tó ṣẹ̀ ọ́,
Godwin Abíọ́nà (Bàbá Keturah)

Àfikún: Lẹ́tà tí mo kọ sí adájọ́ náà wà nínú àpòòwé yìí, n kò tíì fi ránṣẹ́. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ kà á. Ibikíbi tí o bá rí i pé mo ṣì ń gbèjà ara mi, fi bírò pupa fa ìlà sí i, kí o fún ọlọ́kadà tó gbé e wá kó dá a padà fún mi. Mo máa tún un kọ.