"Ìyàwó Mi" Tí Kì í Ṣe Àwàdà Mọ́

Ojúlé Kẹjọ, Àdúgbò Akíndé,
Ìtẹ̀lé, Ọ̀tà,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
13 Oṣù Kẹwàá, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Ọ̀gbẹ́ni Àmọ̀dá, ọ̀gá Nùrẹ́nì níléeṣẹ́ wọn ní Agbára, ní òun máa fi Toyibat yín ṣaya. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá! Nùrẹ́nì ọkọ mi ò sì sọ pé rárá.

Ẹ má bínú pé mi ò tíì kí yín. Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti ń jẹ́ kẹ́ ẹ kírun lóòró? Bàbá Toyibat ńkọ́? Hafeez àbúrò ẹ̀ ńkọ́? Al-Ameen mi ti ń rákò, àmọ́ èmi ò rí oorun sùn.

Láti ọjọ́ tí Toyibat ti dé ọ̀dọ̀ wa ni ọkùnrin yẹn ti ń pè é ní "ìyàwó mi". Ṣebí bí wọ́n ṣe ń pe ọmọdé nìyẹn. Bàbá àgbà ò pe èmi àti ẹ̀yin ní nǹkan míì. Èmi gan-an ni mo kọ́ ọ pé kó máa dáhùn pé, "Ọkọ mi, ẹ kúuṣẹ́."

Lọ́sàn-án Sátidé, ọkùnrin náà mú fíìmù òyìnbó àtijọ́ kan wá, orin àti ijó ló kún inú ẹ̀. Ọkùnrin olówó kan gba ọmọ òrukàn tọ́. Ó fa ìlà sára ògiri, ó ń kọrin pé ọjọ́ tórí ọmọ náà bá kan ìlà ni ìgbéyàwó. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Ọmọ náà á rọra ká orúnkún lábẹ́ aṣọ kó lè kúrú, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ á máa jó yí i ká. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní parọ́.

Ni Ọ̀gbẹ́ni Àmọ̀dá bá ní, "Ìyàwó mi, dìde, jẹ́ ká wo ibi tó o ga dé."

Toyibat dìde. Ó ká orúnkún.

Nùrẹ́nì ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ẹ̀ ní, "Mi ò ṣàwàdà o. Tó bá ti jáde JSS Three, mò ń bọ̀ wá rí àwọn ẹbí ẹ̀." Ọkọ mi ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀, sà."

Nígbà tó lọ tán, mo pariwo mọ́ Nùrẹ́nì. Ó ní, "Ṣé kí n bú ẹni tó gbà mí síṣẹ́ ni? Ta ló kọ́ ọ ní 'ọkọ mi'?" Mo bọ́ síta. Toyibat wá bi mí ní ẹ̀yìnkùlé pé, "Àǹtí, ṣé mo ti ga jù ni?"

Ọkùnrin náà tún ń bọ̀ ní Sátidé. Mo fẹ́ mú ọmọ yín wá bá yín ní Ìwó, àmọ́ Nùrẹ́nì ní kò sẹ́ni tó máa yọ ọ́ níléèwé àfi tí ẹ̀yin òbí ẹ̀ bá sọ bẹ́ẹ̀. Fóònù mi ti bàjẹ́, ti Nùrẹ́nì ni mo ń lò, ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyẹn. Ẹfúnróyè, aládùúgbò wa tó mú lẹ́tà yìí wá, máa padà lọ́jọ́ Àlàmísì.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ dárí jì mí. Kí ẹ̀yin àti bàbá ẹ̀ jọ fọwọ́ sí ìwé pé kí n mú un wálé, kẹ́ ẹ sì fún Ẹfúnróyè kó tó wọkọ̀. Mò ń retí yín.

Àbúrò yín tójú ń tì,
Mùíbátù