Ẹsẹ̀ Irin fún Ibùsùn Àsorọ̀ Bàbá

Yàrá Òkè,
Lẹ́yìn Ilé Ìtẹ̀wé.
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń ro wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tí eyín rẹ̀ ń já bọ́? Ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá wa o. Bí mo bá ti kí yín báyìí, ó máa ń ṣe mí bíi kí ẹ̀yin náà kí mi padà kíá, kí n má baà nìkan ru ẹ̀dùn náà.

Ara tèmi le, ara Bàbá náà le. Orí ló ń fọ́ mi, ọ̀rọ̀ ibùsùn àsorọ̀ yìí ló sì fà á.

Ẹ mọ̀ pé láti ọjọ́ tí ìyá wa ti lọ, Bàbá ò fi ẹ̀yìn kan bẹ́ẹ̀dì mọ́. Inú ibùsùn aláwọ̀n tí àwọn àti ìyá wa máa ń so mọ́ igi méjì lẹ́yìnkùlé, tí wọ́n jọ ń sùn sí, nìkan ni oorun ti ń kùn wọ́n. Nígbà tí mo mú wọn wá sọ́dọ̀ mi, wọ́n ká a, wọ́n gbé e mọ́ àyà bí ẹní gbé ọmọ. Ṣùgbọ́n orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo ń gbé, igi wo ni mo fẹ́ so ó mọ́? Onílé sì ní òun ò fẹ́ rí ihò kankan lára ògiri òun. Ohun tó kù ni ká ra ẹsẹ̀ irin tó ń dá dúró, tí a lè so orí àti ìdí ibùsùn náà kọ́. Orí àga ni Bàbá ń jókòó sí mọ́jú, ojú wọn ti wú. Wọ́n ní bí kò bá sí ibi tí a máa so ó, àwọn á padà sílé lọ dá gbé.

Ìmọ̀ràn wá ń wọlé láti ibi gbogbo. Ẹ̀yin ní irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń ká bí agbòjò ni kí n rà, kí ẹ lè máa gbé Bàbá lọ sọ́dọ̀ yín, kí ibùsùn wọn wà nínú bùùtù ọkọ̀. Bọ̀dá wa àgbà ní onígi ló bójú mu. Aládùúgbò mi tí a ń pè ní Mo-Ti-Ṣe-É-Rí, tí kò fi ìdí kan irú ẹ̀ rí láyé, ní òun mọ èyí tó dára jù.

Ẹ tún ní kí n fi téèpù wọn ibùsùn náà. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo wọ̀n ọ́n, mo sì ra irin tí orí rẹ̀ méjèèjì jìnnà síra gẹ́lẹ́ bí gígùn ibùsùn náà. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi nínú gbogbo ẹ̀yin amòye pé ó yẹ kí wọ́n súnmọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí àárín lè rọ̀ sílẹ̀ gba èèyàn. Bí mo ṣe so ó tán, ó le gan-an bí okùn tí a ń sá aṣọ sí. Bàbá ní kí àwọn jókòó báyìí, ló bá yí wọn dà sórí kápẹ́ẹ̀tì. Wọ́n nà síbẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ṣé ìyá yín ló ní kó o máa mú mi bọ̀ lọ́dọ̀ òun ni?"

Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n sunkún. Mo ṣe méjèèjì.

Nígbà tí mo gbé irin náà padà, ọ̀gá tó tà á fún mi ní ó ti ha lára, òun ò gbà á padà àfi kí n fi ṣe pààrọ̀. Mo bá mú Bàbá dání lọ. Wọ́n dùbúlẹ̀ nínú gbogbo èyí tó wà níbẹ̀. Wọ́n ní onígi ń ké. Wọ́n ní èyí tó ń ká, tí ẹ̀yin fẹ́, ń gbọ̀n bí ẹsẹ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Wọ́n á dìde, wọ́n á tún dùbúlẹ̀, wọ́n á tún dìde. Ó kù díẹ̀ kí n jágbe pé irin lásán ni, kì í ṣe ọkọ̀ òfúrufú, kí wọ́n mú ọ̀kan ká máa lọ. Ọ̀rọ̀ náà ti sú ọ̀gá yẹn. Ó bi wọ́n pé èèyàn mélòó ló máa sùn nínú rẹ̀, nítorí irin kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tó lè gbé.

Bàbá ní, "Méjì ni wá."

Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ń wo àwọn àga tí mi ò fẹ́ rà.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, mi ò ra èyí tó ń ká. Irin ńlá ẹlẹ́ni méjì ni mo rà. Ó gba ìdajì pálọ̀, mo ń fi orúnkún gbá a nígbàkígbà tí mo bá ń lọ sí ilé ìdáná, Mo-Ti-Ṣe-É-Rí sì ti wá wò ó, ó ní òun ti mọ̀ pé èyí ni mo máa rà. Kò lè wọ bùùtù ọkọ̀ kankan. Ẹ má wulẹ̀ rán awakọ̀ wá mú Bàbá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa bọ̀.

Lánàá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, la so ó. Bàbá wọ inú rẹ̀, wọ́n sún sí apá kan, wọ́n fi apá kejì sílẹ̀, oorun sì gbé wọn lọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń hanrun. Nígbà tí wọ́n jí, wọ́n ní kí n lọ kó ìyókù ẹrù àwọn wá láti ilé.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra. Bàbá ní kí n kí yín.

Èmi ni tiyín, tó ń fojú sọ́nà fún yín,
Àbígbẹ̀yìn.