Ilé Tí Ẹ Tún Tò Láìsí Mi

Bàbá mi,

Ẹ kú wàhálà omi. Mo gbọ́ pé òkun tún ti dé ẹsẹ̀ ilé wa ní Abereke, pé ẹ ti tú u, ẹ sì ti tún un tò sẹ́yìn. Ǹ bá wá, ọ̀gá mi ni ò fún mi láyè. Ẹ má bínú.

Ara mi le, iṣẹ́ sì ń lọ dáadáa. Àmọ́ àwòrán ìkànnì ilé-iṣẹ́ ẹja tí mo fi ránṣẹ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi han àwọn ará ìjọ mọ́. Èmi kọ́ ni mo ṣe é; ilé-iṣẹ́ náà ti ní i kí n tó dé Ìbàdàn. Èmi kàn ń wò ó ni, mo ń fi CSS, èdè tí a fi ń to ojú ìkànnì, tún un tò sórí kọ̀ǹpútà mi kí ọwọ́ mi lè mọ́ ọn: àpótí síbí, àlàfo díẹ̀, àwòrán sọ́hùn-ún. Bí a ṣe ń kọ́ṣẹ́ náà nìyẹn. Àwọn tó ni ín ò mọ̀ mí.

Tí mo bá ń wọn àlàfo, ẹ̀yin ni mo máa ń rántí, bí ẹ ṣe ń fi àjẹ̀ ọkọ̀ wọn ẹnu ọ̀nà kí ilé tuntun lè rí bíi ti àtijọ́, kí Ìyá má baà kọsẹ̀ lókùnkùn.

Ọ̀gá mi kí yín. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í sọ̀rọ̀ rárá. Ohùn tèmi nìkan ni mò ń gbọ́ nínú yàrá yìí, torí kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀.

Ẹ bá mi kí Ìyá. Ẹ kí Pọ́ọ̀lù, ọmọ aládùúgbò wa, tó bá yín gbé pákó. Ẹrù tèmi ló gbé yẹn.

Èmi ni,
Happiness yín.