Lẹ́ńsì Tí Mo Fi Ba Ojú Àfẹ́sọ́nà Ọmọ Mi Jẹ́

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mí ní ọjọ́ tí mo mọ̀ọ́mọ̀ fi kámẹ́rà ba ojú ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Kò tíì pẹ́, ọdún yìí náà ni. Ẹ̀yin ará ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ẹni tó bá ka ìbéèrè dé àárín kì í dáhùn rẹ̀ bó ṣe yẹ... ẹ má bínú, tísà ni mí tẹ́lẹ̀, àṣà mi ni. Admin, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́.

Ìkòròdú ni mo ń gbé, ní apá Lasunwon. Ọkọ mi ti di olóògbé. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ọmọ mi kan ṣoṣo, ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ra kámẹ́rà fún mi kí n má baà máa dá jókòó sílé. Lẹ́ńsì méjì ló bá a wá. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n ń pè ní wide, òun ni a fi ń ya ọ̀sà, ojú ọ̀run àti ọjà tó kún, torí pé ohun púpọ̀ ló ń gbà mọ́ra. Ìkejì ni fifty, àwa a máa pè é ní àádọ́ta, òun ló dára fún ojú ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Bí ẹ bá gbé wide sún mọ́ ojú ènìyàn jù, ohun tó bá wà níwájú á tóbi ju bó ṣe yẹ lọ: imú á wú, eyín á yọ síta, etí á sì sá lọ sẹ́yìn. Kò sí arẹwà tí kò ní burẹ́wà nínú rẹ̀. Mo mọ èyí dáadáa. Èmi ni mo kọ́ àwọn ẹlòmíràn.

A ní gúrúùpù kan lórí WhatsApp, àwa tí a ń ya fọ́tò fún ìgbádùn ara wa, láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́. Ní gbogbo Sátidé, a ó mú kókó kan, oníkálukú á fi fọ́tò kan ránṣẹ́, àwọn yòókù á sì sọ ohun tó dára níbẹ̀ àti ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Òfin kan wà tó jẹ́ pé èmi ni mo gbé e kalẹ̀: ẹni tó bá fi fọ́tò síbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ lẹ́ńsì tó lò sí abẹ́ rẹ̀, kí àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lè rí ẹ̀kọ́ kọ́. Mummy Tísà ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ ju ti ara wọn lọ.

Ọmọ mi wá mú ọmọbìnrin kan wálé. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Tóyìn, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Etí òkun ìpínlẹ̀ Oǹdó ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, apẹja ni wọ́n, abúlé kan létí ọ̀sà nítòsí Èjìnrìn ni wọ́n ń gbé, nínú ilé onípákó tí wọ́n kọ́ sórí òpó. Tóyìn kàwé, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Ẹ̀pẹ́, ó sì mọ̀wé ju ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n kí ni ojú mi rí? Ọmọ apẹja ni mo rí. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kí mi, ó kúnlẹ̀, ó pè mí ní Iye, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá nílé wọn. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì tún un ṣe fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé nínú ilé yìí, Mummy ni wọ́n ń pè mí. Gbogbo ìgbà tó bá ń bọ̀ ló ń gbé ẹja yíyan wá, tí yóò ti yọ egungun rẹ̀ sílẹ̀ torí pé ó gbọ́ pé eyín ń dùn mí. N óò gbà á, n óò ṣàdúrà fún un, tó bá sì ti jáde tán, n óò gbé e fún aládùúgbò. Ẹ ò rí i pé n kò bá a jà rí? N kò gbé ohùn sókè sí i rí. Bí mo ṣe burú tó nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni olórí ẹbí wa. Ó ní òun gbọ́dọ̀ rí fọ́tò ọmọ náà kí òun tó jáde lọ sí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, pé ẹsẹ̀ òun kò gbé ìrìn asán mọ́. Ọmọ mi pè mí láti Àbújá, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní ta ni yóò ya fọ́tò náà bí kò bá ṣe Mummy Tísà fúnra wọn? Mo ní kò sí wàhálà. Mo ní kí Tóyìn pàdé mi ní Èjìnrìn lọ́jọ́ ọjà.

Ó dé ibẹ̀ ṣáájú mi. Ó ti di ṣùkú tuntun, ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé tí ọmọ mi rà fún un. Ilẹ̀ ń yọ̀ létí omi, ó gba báàgì kámẹ́rà lọ́wọ́ mi, ó sì di apá mi mú kí n má baà ṣubú. Ó sọ fún mi pé òun kò ní fọ́tò ìgbà èwe òun kankan, pé omi wọlé lọ́dún kan, ó kó gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí náà kí n jọ̀ọ́, kí n ya òun dáadáa. Mo kọ́kọ́ fi àádọ́ta ya ọ̀kan lábẹ́ igi. Ọlọ́kọ̀ ojú omi kan ń kọjá lọ, ó pariwo sí i pé Sisí, ṣé ẹ fẹ́ du ipò gómìnà ni? Tóyìn bú sẹ́rìn-ín, mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo wo ẹ̀yìn kámẹ́rà... ẹ gbà mí. Ọmọ náà rẹwà. N kò ya fọ́tò tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo mọ̀ pé bí olórí ẹbí bá fi lè rí i, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Mo sọ fún un pé kò jáde dáadáa. Mo yọ àádọ́ta, mo fi wide sí i. Mo mú un kúrò lábẹ́ igi bọ́ sínú oòrùn ọ̀sán gangan, mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé kámẹ́rà sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, mo sún mọ́ ọn títí èémí rẹ̀ fi ń kan lẹ́ńsì. Mo ní kí ó rẹ́rìn-ín, kí gbogbo eyín hàn. Ó ṣe é. Ó bi mí pé Mummy, ṣé mo dára báyìí? Mo ní o dára gan-an, ọmọ mi, má mira.

Ìyẹn ni mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ó pè mí, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Ó ní, Ìyàwó, ṣé ìyàwó ni ọmọ yín ń wá ni, àbí ohun tí yóò máa lé olè? Ó ní kí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ṣì dúró ná, kí ọmọ yín fọ ojú rẹ̀, kó tún ẹni tó fẹ́ fẹ́ wò dáadáa. Mo kẹ́dùn, mo ní ìwà lẹwà... èmi yìí!

Kò tán síbẹ̀. Ṣé kò yẹ kó tán síbẹ̀? Ní Sátidé yẹn, Ojú Ènìyàn ni kókó gúrúùpù wa. Mo fi fọ́tò náà síbẹ̀. Kí ló dé? Mo fẹ́ kí àwọn mìíràn náà sọ pé ó burẹ́wà, kí ó má baà jẹ́ èmi nìkan. Mo sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀, èmi tí mo ṣe òfin: lẹ́ńsì àádọ́ta. Ọ̀kan nínú wọn ní imú yìí ti dé ibi ìpàdé kí ẹni tó ni ín tó kúrò nílé. Òmíràn ní ẹni yìí á dúró ní Èjìnrìn, á gbọ́ òórùn ọbẹ̀ Agbówà. Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, lẹ́yìn náà ni mo wá bá wọn wí pẹ̀lẹ́ pé kí wọ́n má fi ẹ̀dá Ọlọ́run ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ẹ ṣeun, Ma, ẹ kú ẹ̀kọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà láàárín wa, òṣìṣẹ́ báńkì tó ń gbé ní estate kan nítòsí wa. Òun nìkan ló kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀ pé kí n má bínú, Ma, pé ó jọ pé mo ṣì lẹ́ńsì kọ, àádọ́ta kì í sọ ojú ènìyàn dà báyìí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní ojú ọmọ náà gan-an nìyẹn. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Àgbà ni mí, báwo ni yóò ṣe sọ pé mò ń parọ́?

N kò mọ ẹni tó sọ fọ́tò náà di sticker. Wọ́n kọ Ẹ kú àárọ̀ o sí àyà rẹ̀, ó sì ń kiri. Ó kiri títí tí ẹni kan níbi iṣẹ́ Tóyìn fi fi kí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, láìmọ̀ pé Tóyìn ló wà níbẹ̀. Tóyìn wá bá mi ní Ìkòròdú. Kò sunkún. Ó jókòó sórí àga, ó fi fóònù hàn mí, ó ní Mummy, ẹ̀yin ni mo gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ sọ òtítọ́ fún mi, ṣé bí mo ṣe rí nìyí? Ààyè wà láti sọ ọ́ nígbà yẹn. Kámẹ́rà wà lórí tábìlì níwájú wa, fọ́tò abẹ́ igi sì wà nínú rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, Kámẹ́rà kì í parọ́, ọmọ mi, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ló dá ọ bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń bo ẹnu bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Bí ọmọ mi bá pè é lórí fídíò, òkùnkùn ni yóò rí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó dá òrùka padà, ó ní kí ọmọ mi wá ẹni tí wọn kò ní máa tìtorí ojú rẹ̀ fi ọmọ tó bá bí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́la. Ṣé kí n parọ́ fún yín? Nígbà tí mo gbọ́, ara tù mí. Oúnjẹ dùn lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ọmọ mi ti dé láti Àbújá. Bí mo ṣe ń kọ èyí, pálọ̀ mi ló wà, kò jẹun, ó ń bẹ̀ mí pé kí n lọ bá Tóyìn sọ̀rọ̀, pé èmi nìkan ni ó ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ó fi fọ́tò burúkú yẹn hàn mí lórí fóònù rẹ̀, ó ní òun kò rí ohun tí wọ́n ń fi ṣe ẹlẹ́yà níbẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ nìkan ni òun ń rí. Mo wò ó, mo sì dá fóònù náà padà fún un.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí mo bá gbé fọ́tò abẹ́ igi jáde, yóò yé wọn pé mo ní i láti ọjọ́ yìí wá, mo sì mọ ọmọ mi, kò ní pè mí ní ìyá mọ́. Òun nìkan ni mo bí. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ ọlọ́mọ yóò máa fi ọwọ́ bo ẹnu títí ayé nítorí ojú tí kì í ṣe tirẹ̀. Ṣé ọmọ mi ni kí n kọ́kọ́ sọ fún ni, àbí Tóyìn? Ṣé kí n lọ bá àwọn òbí rẹ̀ nínú ilé orí omi yẹn, kí n kúnlẹ̀? Àbí ó ti pẹ́ jù? Ẹ má kàn kọ pé Ọlọ́run á dárí jì yín, Ma. Ìyẹn kọ́ ni mo bèèrè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Bí fọ́tò kan bá sọ fún yín pé ẹ burẹ́wà, ẹ má tíì gbà á gbọ́. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó yà á, ẹ bi í bó ṣe sún mọ́ yín tó, kí ẹ sì bi í bóyá òmíràn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò fi hàn yín.