Ìṣẹ́jú Àáyá Mẹ́jọ Tó Kù

Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́

Bàbá Tọ́lá, oṣù kẹta rèé tí ẹ ti jáde láyé, tí ẹ fi wá sílẹ̀. Ó rẹ̀ mí. Láti ibi iṣẹ́ ní ìlú Morrow ni mo ti gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ, ẹsẹ̀ mi ṣì wú.

Tọ́lá tan bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà yín, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, lórí tẹlifíṣọ̀n lónìí, ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí ẹ ti lọ. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, aago ń sáré, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ àwọn tiwa, ni ọ̀kan nínú wọn bá ta kìjí kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ eré. Rẹfirí fọn fèrè, ó ní eré ti parí.

Ìyá yín pariwo. "Aago ò tíì tán! Ọmọ mi ló máa ń là á yé mi. Ta ló kù tí yóò là á yé mi báyìí?"

Tọ́lá mú rìmóòtù láti pa tẹlifíṣọ̀n. Omi ti lé sójú rẹ̀.

Mo yára dáhùn: "Màámi, àṣìṣe yẹn ló dá aago dúró. Kí wọ́n má baà jèrè rẹ̀, wọ́n á yọ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kúrò lára aago. Mẹ́jọ péré ló sì kù."

"Àfi tí wọ́n bá ní timeout, ìyẹn àǹfààní láti dá eré dúró, tí wọ́n lè fi rọ́pò ẹ̀ o!" Tọ́lá rẹ́rìn-ín. "Mummy, inú kíṣìnì lẹ ti máa ń gbọ́ àlàyé Dádì, ẹ ò gbọ́ ọ tán."

Ó gbé rìmóòtù sílẹ̀.

Mi ò mọ òfin náà tó yín. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, èmi ni màá máa là á yé Màámi.