Ẹ̀yìn Ògiri Ni Mo Dúró Sí

Bàbá mi tí mo fi ọwọ́ ara mi wẹ̀,

Ẹ má bínú pé mo dé Louisiana láì wọlé kí yín.

Èmi àti Màmá ṣì wà ní Plainfield. Mo ti rí iṣẹ́ sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Des Plaines, shift àárọ̀. Orí kunkun mi ò tíì lọ síbì kan.

Ẹ̀gbọ́n Rájí tó ń wa tírélà ló fà á. Kò gbọ́ pé ẹ ti kú. Ó pè mí láti Louisiana, ó ní òun yà jẹun níbi tí wọ́n ti ń jó láàárọ̀ Sátidé, òun sì bá yín lórí àga, ẹ ń fa akọ́díọ̀nù, dùùrù àfàyà yín yẹn. Ó ní ẹ sanra díẹ̀. Ó ní ẹ béèrè mi. Oṣù keje rèé tí a ti sin yín.

Bàbá, mo fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ púpọ̀. Ọmọ abúlé wa tó ń wa takisí ní Chicago, tó lọ kọ́ orin Cajun, orin ijó àwọn ará Louisiana, lọ́dọ̀ bàbá arúgbó kan ará ibẹ̀ tí ó máa ń fi takisí gbé lọ sí ọsibítù. Ọdún mélòó lẹ fi lù ú fún àwọn oníjó níbí? Mi ò yọjú lẹ́ẹ̀kan. Mo ní orin tí kì í ṣe tiwa, kí la fẹ́ fi ṣe? Ẹ̀rín lẹ máa ń rín, ẹ ó ní lọ́jọ́ kan ẹ ó lù ú nílé àwọn tó ni ín. Ṣùgbọ́n shift ò gbà, bill ò gbà, owó iléèwé mi ò gbà, ẹ ò sì lọ títí ẹ fi kú.

Láti ìgbà tí Màmá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n Rájí, kò sùn mọ́. Ó ní kí n lọ wò ó bóyá ẹ̀yin ni. Mo wakọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n abúlé ni mo ti kàwé, mo mọ àkúdàáyà, òkú tó lọ ń gbé ìlú mìíràn. Tí ojú òun àti ẹni tó sin ín bá ṣe mẹ́rin, ó parí, yóò pòórá.

Ẹ̀yìn ògiri ilé ijó náà ni mo dúró sí, nínú oòrùn. Mo gbọ́ tí ẹ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ òsì yín lórí pákó. Mo gbé ọwọ́ lé ògiri, orin sì dákẹ́. Ẹsẹ̀ kan ń bọ̀ níhà ọ̀dọ̀ mi, díẹ̀díẹ̀, ó dúró síbi tí ọwọ́ mi wà gan-an. Mo di ojú mi. Ẹ̀yin ni, àbí?

Ìyá òyìnbó kan jáde wá bá mi. Ó ní, “Bàbá tó ń lù ú ní ọmọ òun wà níta. Ṣé ìwọ ni?”

Mo ní, “Rárá o, mà. Ọ̀nà ni mo ṣì.”

Mo dúró títí orin fi tún bẹ̀rẹ̀, kí n tó lọ. Mo sọ fún Màmá pé ẹlòmíràn ni. Ó sunkún, lẹ́yìn náà ó sùn. Mo ti bẹ Ẹ̀gbọ́n Rájí kó má gba ọ̀nà ibẹ̀ mọ́.

Ẹ máa lù ú lọ, Bàbá. Ẹ má tún rán ẹnikẹ́ni síta wá wò mí.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò sì ní wá.